Ọkọ̀ Ojú Irin Kò Dé Tamale, Ṣùgbọ́n Ìtàn Rẹ̀ Dé Ibẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ènìyàn bá wọ ọjà ńlá tó wà láàrin ìlú Tamale, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, ohun tó ń wá kò ní í wọ́n ọn níbẹ̀. Yóò rí òrí, yóò rí iṣu, ẹ̀pà, irú, ẹtù láàyè, àti ẹ̀wù aṣọ híhun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní fúgù. Yóò gbọ́ èdè Dagbani, yóò gbọ́ Haúsá, yóò sì gbọ́ ariwo àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní í gbọ́ ni fèrè ọkọ̀ ojú irin. Wọn kò tẹ́ irin dé Tamale rí, kò sì sí ọmọ ìlú náà tó lè sọ pé òun rí èéfín rélùwéè láti ẹnu ọ̀nà bàbá òun.

Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn àwọn kóòṣì àtijọ́, ìyẹn àwọn yàrá gígùn tí èrò máa ń jókòó sí lẹ́yìn orí ọkọ̀ ojú irin, tí kò bá ya ọjà Tamale, ìtàn tó gbé délé kò tíì pé. Ọ̀rọ̀ yìí lè jọ àlọ́ létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlọ́ o. Irin àti pákó nìkan kọ́ ni kóòṣì. Àwọn tó jókòó sínú rẹ̀, ẹrù tí wọ́n gbé, àti ibi tí wọ́n ń lọ, gbogbo rẹ̀ ló para pọ̀ di ìtàn rẹ̀. Nínú àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì onípákó ti kíláàsì kẹta láyé ọjọ́sí, a rí àwọn tí ìrìn àjò wọn kò parí àfìgbà tí wọ́n dé ọjà Tamale.

Ta ni àwọn ènìyàn náà? Ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Ní 1907 ni àwọn òyìnbó amúnisìn gbé olú-ìlú agbègbè àríwá Gold Coast kúrò ní Gambaga, tí wọ́n gbé e wá sí Tamale. Bí ìlú náà ti ń gbòòrò ni àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ń ya lọ síbẹ̀. Àwọn tó ṣáájú nínú wọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Wọ́n gbé ẹrù lé orí, wọ́n la ilẹ̀ Bàríbá kọjá, wọ́n sùn lọ́nà títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ọjà wẹ́wẹ́ ni púpọ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí ènìyàn kì í rántí àfi ìgbà tó bá nílò rẹ̀. Ẹni tó bá rọ́wọ́ mú níbẹ̀ a ránṣẹ́ sí àbúrò, àbúrò a mú ìyàwó dání, ọmọ a sì bí lọ́hùn-ún. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn Yorùbá di òpó pàtàkì nínú ọjà náà.

Nígbà tó wá di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Kofi Abrefa Busia kéde pé àlejò yòówù tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ wá a rí láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ìsọ̀ tí ẹlòmíràn ti lo ìgbà èwe rẹ̀ sí, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ, ilé tí wọ́n kọ́, ọ̀rẹ́ tí wọ́n ní, ẹ̀yìn ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sí. Kí á má sì gbàgbé pé ìjọba Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà ní 1983; ìdí nìyẹn tí àpò kan fi ń jẹ́ “Ghana Must Go” títí di òní.

Ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan tó ń jẹ́ Jeremy Eades wà lẹ́nu ìwádìí nípa àwọn Yorùbá ní Tamale nígbà tí àṣẹ náà jáde. Àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ tú ká mọ́ ọn lójú. Kò wá sọ pé iṣẹ́ ti parí nítorí pé ìsọ̀ ti ṣófo. Ó tẹ̀lé wọn dé ilẹ̀ Yorùbá, ó wá wọn lọ sí ìlú wọn, ó sì gbọ́ tẹnu wọn. Ní 1993 ni ìwé rẹ̀, Strangers and Traders, jáde. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé bí ibi kan bá tú, kí olùwádìí máa tọ ipasẹ̀ àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni àwọn tó ń tọ́jú kóòṣì àtijọ́ nílò.

Ibo wá ni rélùwéè ti wọ ọ̀rọ̀ oníṣòwò Tamale? Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Èkó. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta 1901, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ọ̀ffà wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní ti Ògbómọ̀ṣọ́, rélùwéè kò gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ nínú wọn ní láti lọ sí Ọ̀ffà tàbí Òṣogbo. Lápá Gold Coast, Sekondi létí òkun ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1898, irin sì dé Kumasi ní 1903. Ní 1923 ni ojú irin tó ti Accra wá náà wọ Kumasi.

Ẹni tó bá kúrò ní Ọ̀ffà lẹ́yìn ìgbà náà lè wọ rélùwéè dé Ìddó l’Ékòó. Láti Èkó, ó di ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba etí òkun lọ sí Accra. Láti Accra, ó tún di rélùwéè, ó di Kumasi. Ní Kumasi ni irin ti tán. Ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò gbé e lọ síwájú, wọn yóò fi pàǹtóòn gbé ọkọ̀ náà kọjá odò Volta ní Yeji, kó tó wá gúnlẹ̀ sí Tamale. Ó wọ rélùwéè ìjọba méjì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ níkẹyìn ní ìlú tí kò ní rélùwéè.

Kì í ṣe pé wọn kò gbèrò àti mú un débẹ̀. Gordon Guggisberg, tó ṣe gómìnà Gold Coast láti 1919 sí 1927, fi ojú irin àríwá sínú ètò ìdàgbàsókè ọlọ́dún mẹ́wàá rẹ̀. Irin náà ìbá kúrò ní Kumasi, ìbá gba Tamale kọjá lọ sókè. Owó kò tó, ètò náà sì kú sórí ìwé. Nítorí náà ni ìtàn rélùwéè Tamale fi jẹ́ ìtàn èrò, tí kì í ṣe ìtàn irin.

Ẹni bá fẹ́ wádìí àwọn kóòṣì ayé ọjọ́sí yóò tún rí i pé ìbátan ni ti Nàìjíríà àti ti Gold Coast. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ ni ìbú ojú irin méjèèjì. Ọ́fíìsì kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn Crown Agents, ló ń bá ìjọba àwọn ilẹ̀ amúnisìn ra ọjà láti ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ènìyàn bá kọ́ lára kóòṣì kan ní Ẹbútè Mẹ́ta lè là á lójú bó bá dé Sekondi, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Gánà ti ń tún ọkọ̀ ṣe láti ayé àtijọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí náà? Iṣẹ́ sùúrù ni. Olùwádìí kì í kọ́kọ́ gbé ọ̀dà. Yóò kọ́kọ́ wá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára kóòṣì náà, yóò wo abẹ́ rẹ̀ bóyá àwo irin kékeré tí ilé iṣẹ́ fi orúkọ àti ọdún sí ṣì wà níbẹ̀. Yóò wo àmì tí wọ́n lù sára àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbára lé ìyẹn nìkan, nítorí pé wọ́n máa ń yọ ẹsẹ̀ kóòṣì kan fún òmíràn. Bó bá wá kan ọ̀dà ara rẹ̀, abẹ mímú ni yóò fi rọra fá ojú kékeré kan, tí ọ̀dà tuntun yóò ṣí kúrò lórí ti àtijọ́, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń bó àlùbọ́sà. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń sọ àsìkò kan. Ihò ìṣó tó ṣófo lè fi hàn pé bẹ́ǹṣì ti wà níbẹ̀ rí, tàbí pé wọ́n gé ògiri kan kúrò. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá lọ bá ìwé: àwòrán tí ilé iṣẹ́ fi kan kóòṣì náà, ìwé àkọsílẹ̀ àtúnṣe, àti fọ́tò àtijọ́.

Nígbà tí gbogbo ìwé bá sì tán, ó ku ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ìwé lè sọ iye ènìyàn tí ìjọba ní kó jókòó sínú kóòṣì kan. Kò lè sọ iye tó jókòó níbẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ ọdún iléyá. Ìwé lè sọ pé abẹ́ ìjókòó wà fún ẹrù. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ló mọ ibi tí wọ́n fi agbọ̀n adìyẹ sí, ibi tí ọmọ ọwọ́ sùn sí, tésàn tí oúnjẹ rẹ̀ dùn, àti ọ̀nà tí àwọn èrò fi ń mọ ara wọn bó bá di òru. Bí olùwádìí kò bá gbọ́ ìwọ̀nyí, pósí aláràbarà ni yóò kàn tún kùn.

Kó má di pé ẹnì kan rò pé àsọdùn ni, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe. Ní ìlú Nairobi, lórílẹ̀-èdè Kenya, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971. Kóòṣì kan wà níbẹ̀ tí àwọn àlejò kì í fẹ́ lọ láìrí. Ní 1900, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Charles Ryall jókòó sínú rẹ̀ ní tésàn Kima, ó ń ṣọ́ kìnnìún tó ń pa ènìyàn. Oorun gbé e lọ. Kìnnìún wọlé, ó sì wọ́ ọ gba ojú fèrèsé jáde. Bí kì í bá ṣe ìtàn yìí, ta ni ìbá yà wo àpótí onípákó kan lára ọ̀pọ̀ àpótí onípákó?

Òmíràn wà ní Washington, l’Ámẹ́ríkà, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣí ní 2016. Kóòṣì tí àwọn èrò lásán wọ̀ ni, kì í ṣe ti ọba. Ògiri kan là á láàrin: òyìnbó lápá kan, ènìyàn dúdú lápá kejì, yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn dúdú sì kéré ju ti àwọn òyìnbó lọ. Kóòṣì náà tóbi débi pé ní 2013, nígbà tí ilé náà kò tíì ní òrùlé, ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ agbẹ́rù sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n sì wá kọ́ ilé yí i ká. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú kóòṣì tí wọ́n kàn fún Ọbabìnrin Victoria ní 1869, ó wà ní ìlú York, ó sì ń dán gbinrin. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ti Washington ló yẹ kó jẹ́ àwòkọ́ṣe fún wa, nítorí pé ìyà àwọn èrò lásán ni wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé kò ṣẹlẹ̀.

Nílé níbí, a kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, tún ilé kan ṣe nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹbútè Mẹ́ta. Ní 1898 ni wọ́n kọ́ ilé náà. Jaekel House ni wọ́n ń pè é báyìí, ní ìrántí Francis Jaekel, ọ̀gá rélùwéè tẹ́lẹ̀ tó kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà sínú ìwé onípele mẹ́ta. Fọ́tò àti ohun èlò àtijọ́ wà nínú ilé náà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Iṣẹ́ tó yẹ ká kí wọn fún ni.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ lóko lóńgẹ́. Ní oṣù kẹfà 2021 ni ìjọba ṣí ojú irin tuntun láàrin Èkó àti Ìbàdàn. Inú gbogbo ènìyàn ló dùn sí i, ó sì yẹ kó dùn. Àmọ́ ojú irin tuntun náà fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, kóòṣì àtijọ́ kò sì lè yí lórí rẹ̀. Bákan náà ni ní Gánà: ojú irin tó ti Tema lọ sí Mpakadan, tí wọ́n ṣí ní 2024, fífẹ̀ ni òun náà. Kóòṣì tí kò bá ti ní ojú irin tí yóò yí lé mọ́, ojú mẹ́ta ló ń wò ó: òjò, ikán, àti ẹni tó ń ra irin àlòkù. Òjò a wọ òrùlé, pákó a rà, ikán a jẹ èyí tó kù, nígbà tó bá sì ku egungun, ẹni tó ń fi kílò ra irin a dé. Lójú òṣùwọ̀n kílò, irin kóòṣì tó ní ìtàn àti irin ìkòkò tó fọ́ kò yàtọ̀ síra.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé, “Ìlú tí ebi ń pa, kí ló fẹ́ fi kóòṣì jíjẹrà ṣe?” Ìbéèrè tó tọ́ ni, kò sì yẹ ká fi ìbínú dáhùn rẹ̀. Lóòótọ́, kò sí orílẹ̀-èdè tó lè tọ́jú gbogbo kóòṣì tó ní. Ní Kumasi, àwọn ọlọ́jà ti tẹ́ igbá sórí ojú irin àtijọ́ tó la ọjà kọjá, kò sì sí onílàákàyè tí yóò sọ pé kí wọ́n lé àwọn ìyá ọlọ́mọ kúrò nídìí oúnjẹ òòjọ́ wọn nítorí ìrántí. Àwọn ọlọ́jà náà wà lára ìtàn ojú irin yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe é ṣe kò wọ́n. Kóòṣì kíláàsì kẹta kan tàbí méjì péré ni kí wọ́n yàn. Kí wọ́n gbé òrùlé páànù lé e lórí kí òjò má rí i, kí wọ́n jẹ́ kó dúró lórí irin kí ikán má bá a, kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ tinú tòde kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀dà kàn án. Owó tuntun lè dé lọ́la kó tún un ṣe. Ohun tó ti di àpáàdì lónìí, owó ọ̀la kò lè mú un padà.

Apá kejì iṣẹ́ náà, ọwọ́ ìjọba kọ́ ló wà, ọwọ́ wa ni. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tí wọ́n lé àwọn Yorùbá kúrò ní Gánà ní 1969 ti lé ní 75 báyìí. Wọ́n wà ní Ọ̀ffà, wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n wà ní Ṣakí àti Ìgbòho. Àwọn mìíràn ṣì ń pa owe Haúsá lẹ́nu, wọ́n ṣì ń sọ Dagbani bí wọ́n bá pàdé ara wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn jókòó tì wọ́n, fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n orin ni wọ́n ń fi gbọ́.

Kí ni kí ọmọ bi bàbá tàbí ìyá àgbà? Kó bi wọ́n pé: Tésàn wo lẹ ti wọ ọkọ̀? Ta ló sìn yín débẹ̀? Èló ni tíkẹ́ẹ̀tì? Kí lẹ gbé dání, kí lẹ sì jẹ lọ́nà? Nígbà tẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Kumasi, ta ló wá pàdé yín? Ìsọ̀ ta lẹ kọ́kọ́ jókòó sí ní Tamale? Kó má fi ìkánjú bi wọ́n, kó má sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu bó bá kan ọ̀rọ̀ 1969, nítorí pé ẹkún lè wà níbẹ̀. Bí fọ́tò àtijọ́ bá wà nínú àpótí, kí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé. Tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé àṣẹ ìgbélùú, ìwé owó ìsọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sun wọ́n nínú ìdọ̀tí ọjọ́ òkú ṣíṣe. Ilé ìkàwé ìlú tàbí yunifásítì tó bá wà nítòsí lè bá ẹbí ṣe ẹ̀dà wọn.

Bí kóòṣì kan bá jẹrà tán, àwòrán tí wọ́n fi kàn án lè ṣì wà nínú ìwé níbì kan, káfíńtà tó mọṣẹ́ á sì lè kan irú rẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó gbé ẹrù rẹ̀ láti Ọ̀ffà dé Tamale, tó sì kú láìsí ẹni tó bi í léèrè, kò sí ibi tí wọ́n ti lè rí àwòrán ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ tètè bi wọ́n.